Heavy metal fún ọ̀sán Sátidé n'Ílọrin: láti Àlàásárì dé Mọ̀gàríbì

Bí ẹ bá sọ fún ará Ìlọrin pé heavy metal lẹ fẹ́ fi sinmi, á kọ́kọ́ wo ojú yín bóyá ara yín yá. Ariwo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ orin yìí: ọkùnrin onírun gígùn tó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, gìtá tó ń han bí ẹ̀rọ agégi, ìlù tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Irú ìyẹn wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orin náà ní apá mìíràn tó wúwo, tó sì ń rọra rìn, tí ènìyàn lè nasẹ̀ sórí àpótí kó máa gbọ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Apá yẹn ni mo fẹ́ mú yín gbà. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe é lọ́sàn-án Sátidé nílé mi ní Tánkẹ̀, mo sì ti fi han ẹbí, alájọgbélé àti àwọn ọmọ yunifásítì tó wà lágbàlá wa.

Ẹ yẹra fún àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe. Sátidé àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú rẹ̀, orin tó yára jùlọ lọ́wọ́ mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbé sípíkà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ṣí ohùn rẹ̀ dópin. Orin kejì kò tíì dé ìdajì tí bàbá onílé fi sọ̀kalẹ̀ wá, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn béèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́?” Ojú tì mí. Mo pa á, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Ìgbà tí mo padà wọlé ni mo tó rò ó pé èmi gan-an ò gbádùn rẹ̀. Orí ń fọ́ mi, àyà mi ń lù kìkì. Ariwo lásán ni mo ti ń pè ní ìwúwo.

Àwọn àgbà wa sọ pé inú “ìlọ irin” lorúkọ ìlú yìí ti wá, òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n irin ní Ìdí-Àpẹ́ láyé àtijọ́. Ẹni tó bá ti wo ẹni tó ń pọ́n àdá rí mọ̀ pé kì í jà mọ́ ọn lọ́wọ́. Á tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta, á rọra fà á, á tún dá a padà. Ọwọ́ tó wúwo tí kò kánjú, òun náà lọwọ́ tí orin tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí ń béèrè.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú àkókò tó ní ẹnu

Láti ẹ̀yìn ìrun Àlàásárì títí di Mọ̀gàríbì ni tèmi, nǹkan bíi wákàtí méjì àtààbọ̀. Oòrùn ti yẹ̀, aṣọ fífọ̀ ti gbẹ lórí okùn, ẹni tó fẹ́ lọ sọ́jà ti lọ ó ti dé. Ohun tó tún dára níbẹ̀ ni pé àkókò náà ní ẹnu méjèèjì: ẹ mọ ìgbà tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ ẹni tó máa sọ fún yín pé ó tó. Bí ládàánì bá ti pe ìrun, ẹ pa orin. Kò sí aládùúgbò tó máa bá ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ jà. Kírísítẹ́nì lè fi ọ̀sán Sọ́ńdè ṣe tiẹ̀ lẹ́yìn ìrẹsì.

Bí ìgbéyàwó tàbí wòlímọ̀ bá wà ládùúgbò lọ́jọ́ náà, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí sípíkà ilé tó lè bá ti òde jìjàdù, ẹ̀yin náà ò sì ní sinmi.

Ìgbésẹ̀ kejì: iná, sípíkà, àti ibi tí ẹ gbé e sí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka èyí sí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo ìwúwo orin yìí wà, níbi ohùn tó rẹlẹ̀. Okùn tó nípọn jùlọ lórí gìtá béèsì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti gìtá lásán ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń lò nílé, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí nígbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, máa ń dáná nínú rẹ̀ nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, ìró rẹ̀ sì ń gbin káàkiri ìsàlẹ̀ yẹn kan náà. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn fèrèsé, yóò gbé béèsì mì. Gìtá tó ń han àti ohùn olórin nìkan ló máa kù fún yín, ẹ ó wá ní ariwo ni. Ẹ kò tíì gbọ́ orin náà.

Nítorí náà, sípíkà oníbátìrì ni kí ẹ lò, kí ẹ gba iná sí i lára lálẹ́ Jímọ̀ nígbà tí iná bá wà. Ẹ gbé e sórí tábìlì onígi tó dúró dáadáa, kó jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n apá kan. Ẹ má ṣe gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá. Kọ̀rọ̀ máa ń wú ohùn ìsàlẹ̀ débi tí ìlù àti béèsì á fi lẹ̀ mọ́ra bí àmàlà tí omi rẹ̀ pọ̀. Bí sípíkà yín bá ní bọ́tìnì tó ń fi kún béèsì, ẹ pa á. Àwọn tó ṣe àwo náà ti fi ìwọ̀n tó yẹ sí i. Sípíkà inú fóònù kò lè gbé ìsàlẹ̀ orin yìí rárá. Bó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní, íápíìsì tó dí etí dáadáa sàn jù ú lọ.

Ní ti ìwọ̀n ohùn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tó jẹ́ 80 decibel fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìsí ewu. Bó bá di 90, wákàtí 4 péré ló kù. Àlàfo náà tóbi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, etí kì í tètè mọ̀ ọ́n. Mo ń lo ìdánwò tó rọrùn: ẹni tó jókòó sí ìwọ̀n apá kan sí mi gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀ ní ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kí n sì gbọ́ ọ. Bó bá ní láti gbé ohùn sókè, mo ti ṣí i jù nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: dátà

Ẹ gba àwọn orin náà sílẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀. Orin tó ń ṣàn ní 320 kilobit láàárín ìṣẹ́jú-àáyá yóò jẹ nǹkan bíi 144 megabáìtì láàárín wákàtí kan. Bí ẹ bá dín in sí 96, yóò jẹ nǹkan bíi 43. Ní ti orin yìí, mi ò fara mọ́ 96, torí ó máa ń jẹ́ kí ìró páànù idẹ tó wà lára ìlù dà bí ẹni ń fọ́ ike. Ẹ ná èyí tó tó, ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ohun tí etí yín ń gbọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan, torí òun ló ṣí orin yìí fún mi.

Ní Birmingham, ìlú iṣẹ́ irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan tó ń jẹ́ Tony Iommi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé páànù irin. Ọjọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ gé orí ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń tẹ okùn gìtá. Wọ́n ní ó ti parí fún un. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ló gbé àwo Django Reinhardt wá bá a, olùta gìtá tí iná jó ní ọwọ́, tó sì ń fi ìka méjì ta gìtá débi tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Iommi bá yọ́ ike ìgò ọṣẹ ìfọbọ́, ó mọ ọ́n bí ìbọ̀ka, ó fi awọ lé e lórí, ó tì í bọ àwọn ìka náà. Ó wá okùn tó fẹ́lẹ́ kí ó má baà dùn ún. Nígbà tó fi máa di 1971, nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Black Sabbath, ń ṣe àwo Master of Reality, ó ti ń dẹ okùn gìtá náà sílẹ̀ ju bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é lọ. Okùn tó ń gbọ̀n nígbà 82 tẹ́lẹ̀ wá ń gbọ̀n nígbà 69. Ìró rẹ̀ jìn, ó sì ki.

Ẹni tó bá mọ dùndún kò ní wá àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Bí onílù bá fún ọsán mọ́ra, ohùn á gòkè. Bó bá tú u sílẹ̀, ohùn á sọ̀kalẹ̀. Ohun tí Iommi ṣe nìyẹn. Ìka tó ń ro ó ló mú kó tú ọsán sílẹ̀, láti ibẹ̀ sì ni odidi ẹ̀yà orin kan ti gba ohùn rẹ̀.

Èkejì ni ìró tó ń han náà. Bí wọ́n bá ti ohùn gìtá gba inú ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ju bó ṣe lè gbé lọ, orí ìgbì ohùn náà á gé pẹrẹsẹ, láti ibi tó ti gé sì ni àwọn ohùn kéékèèké mìíràn ti máa ń yọ jáde, tí wọ́n á yí ohùn àkọ́kọ́ ká. Ẹ wo etí ìyáàlù dùndún: ṣaworo ló so mọ́ ọn yíká. Kí ni iṣẹ́ wọn? Kí ohùn awọ má baà dá nìkan jáde ni, kí nǹkan máa ṣe wínrinwínrin lára rẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gòjé ń ha lọ́fun bí ẹni tó sunkún tán. Etí tiwa kò kórìíra ìró tó ń han láti ilẹ̀ wá, òyìnbó gan-an ló ń fẹ́ kí ohùn mọ́ tónítóní bí awo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Nítorí náà, bí gìtá mẹ́táàlì bá kọ́kọ́ dún sí yín létí, ẹ fi í wé ṣaworo, ẹ má fi í wé ẹ̀rọ agégi. Ó máa ń yí bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ ọ padà lójú ẹsẹ̀. Mo ti rí i lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ ṣe máa to orin

Láti ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1973, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan gbé àwo Chapter One jáde ní Nàìjíríà lábẹ́ orúkọ BLO: Berkely Jones lórí gìtá, Laolu Akins nídìí ìlù, Mike Odumosu lórí béèsì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú Berkely, Laolu àti Odumosu ni wọ́n kó jọ di orúkọ náà. Orin rọ́ọ̀kì tó wúwo ni, kò tíì di mẹ́táàlì, ṣùgbọ́n gìtá rẹ̀ ń han bí ó ṣe yẹ, ìlù rẹ̀ sì ní ìrìn ilé wa. Laolu Akins yìí kan náà ló wá ṣe àgbéjáde àwo Ace fún Shina Peters ní 1989, nítorí náà ọwọ́ tí ẹ ti jó sí rí lẹ ń gbọ́ níbẹ̀. Ọdún 1973 náà ni Ofege, àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's l'Ékòó, ṣe Try and Love. Ẹ mú orin méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tó fi ṣílẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí “Planet Caravan”, láti inú àwo Paranoid tí Black Sabbath gbé jáde ní 1970. Bí ẹ bá fẹ́ mú orin kan péré nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, òun ni kí ẹ mú. Kò sí gìtá tó ń han níbẹ̀, kò sí igbe. Béèsì ń rìn lọ rìn bọ̀ bí ẹni tó jáde gba atẹ́gùn lálẹ́, Bill Ward ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ìlù, ohùn Ozzy Osbourne sì ń gbọ̀n bí ẹni tó ń kọrin láti inú omi, torí inú sípíkà tó ń yí bíríbírí ni wọ́n gbà á kọjá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ gbé “Solitude” sí, láti inú Master of Reality. Fèrè tí ẹ máa gbọ́ níbẹ̀, Iommi fúnra rẹ̀ ló ń fun ún.

Ibí yìí ni kí ẹ ti jẹ́ kí ìwúwo díẹ̀ wọlé. Mo máa ń fi “Nothing Else Matters” ti ẹgbẹ́ Metallica sí i, láti 1991. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ orin náà dùn mọ́ mi: James Hetfield, olórin wọn, ń bá ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọwọ́ kan di fóònù mú, ọwọ́ kejì sì ń fọwọ́ gbá okùn gìtá láìtẹ ohunkóhun. Bí ẹ bá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Ó rọra wọlé, ó sì fi ìwúwo rẹ̀ pamọ́ títí ó fi kọjá ìdajì. Ẹ fi “Still Loving You” tẹ̀ lé e, tí Scorpions ti Hannover ní Jámánì ṣe ní 1984, fún ẹni tó bá fẹ́ràn orin ìfẹ́.

Ní nǹkan bí agogo márùn-ún àbọ̀, nígbà tí etí ti là, ẹ gbé “Orion” sí i. Metallica ló ṣe é ní 1986. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹ má fò ó. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ní àárín, gbogbo nǹkan á dákẹ́, béèsì nìkan á kù, á máa lọ yíká yíká, gìtá á wá máa bọ́ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wọ agbo. Cliff Burton ló ń ta béèsì náà. Ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Sweden ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986 yìí kan náà, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Mi ò lè gbọ́ àárín orin yẹn kí n máa ṣe nǹkan mìíràn. Bí mo bá ń jẹun, mo máa ń gbé ṣíbí sílẹ̀.

Orin kan ṣoṣo tó yára ni kí ẹ fi sí gbogbo ọ̀sán náà, ẹ̀yìn “Orion” sì ni kó wà. Mo ń lo “The Trooper” ti ẹgbẹ́ Iron Maiden, 1983. Orí ogun Crimea ní 1854 ni wọ́n kọ ọ́ lé, níbi tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gun ẹṣin wọ ẹnu ìbọn. Steve Harris fi ìka ta béèsì rẹ̀ kó lè máa dún bí pátákò ẹṣin: gàdàgbá, gàdàgbá, gàdàgbá. Kò sí ọmọ Ìlọrin tó ti dúró wo ẹṣin ní ọjọ́ Dọ́bà tí kò ní mọ ìró náà. Ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó tán nìyẹn. Àyà tó ti là á sì máa ń sinmi dáadáa lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyókù ọ̀sán, ẹ fún odidi àwo kan: Damnation, tí Opeth ti Sweden gbé jáde ní 2003. Ẹgbẹ́ tí olórí olórin wọn, Mikael Åkerfeldt, mọ̀ ọ́n bú bí ẹranko ni, ṣùgbọ́n nínú àwo yìí kò bú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì ni, gbogbo rẹ̀ tutù bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ ṣọ́ra o: àkókò kan náà ni wọ́n ṣe Deliverance, tó jáde ní 2002, òun sì ni èyí tó le. Mo ti rí ẹni tó mú ọ̀kan dípò èkejì. Ọmọ jòjòló tó sùn sí i lẹ́sẹ̀ jí, kò sì tún sùn mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Àwọn ohun tí kò yẹ kó wọ ọ̀sán yìí: ibi tí wọ́n bá ti ń fi ọ̀nà ọ̀fun bú, àti ibi tí ìlù bá ti ń sáré débi tí ẹ kò lè ka á mọ́. Mi ò sọ pé wọn ò dára. Ọjọ́ wọn ń bọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n Sátidé tí ẹ fẹ́ fi sinmi kọ́. Bí ọwọ́ yín bá mọ́ ọn, tí ẹ sì ń wá ohun tó wúwo tí kò kánjú, ẹ béèrè ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní doom, kí ẹ fi Candlemass ti Sweden bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú: Skinflint ti Botswana máa ń kọrin nípa ìtàn àti ẹ̀mí àìrí ilẹ̀ wa, gìtá wọn sì gbẹ bí igi ìdáná.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọ̀rọ̀ inú orin

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé Ìlọrin mọ̀ pé a máa bi í: ṣé kì í ṣe orin èṣù nìyẹn? Mo mú ìbéèrè náà ní pàtàkì, torí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ ń ṣọ́ ilé rẹ̀ ni. Òótọ́ ni pé àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó ń fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́. Mi ò kí ń gbọ́ wọn, mi ò sì dárúkọ ìkankan nínú wọn níbí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orin tó ń jẹ́ orúkọ Black Sabbath fúnra rẹ̀, tó kọ́kọ́ ko ènìyàn láyà jẹ ní 1970: ẹni tí ẹ̀rù bà ni, tó ń ké pe Ọlọ́run pé kó gba òun. “After Forever”, nínú àwo 1971 yẹn, ń bá ẹni tó ń fi Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́ wí ni. Geezer Butler tó kọ ọ́, ọmọ ilé Kátólíìkì ni. Ẹ wá ọ̀rọ̀ orin kí ẹ tó gbé e sí etí ọmọdé. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì. Èyí tí ọkàn yín kò bá gbà, ẹ yọ ọ́ láìjiyàn.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ẹ ṣe máa dábàá rẹ̀ fún ẹlòmíràn

Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé “ẹ wá gbọ́ heavy metal.” Ẹ béèrè ohun tó ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá fi ìbátan rẹ̀ hàn án. Ẹni tó fẹ́ràn àpàlà, tó mọ̀ pé ìlù tí kò kánjú ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọra, Black Sabbath tó lọ́ra ni tirẹ̀. Ẹni tó dàgbà sínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì l'Ómù-Àràn tàbí l'Ọ́ọ̀rọ̀, ẹ fún un ní àwo tí Metallica àti ẹgbẹ́ olórin San Francisco Symphony jọ ṣe ní 1999; á gbọ́ fayolíìnì, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ọmọ Fújì, ẹ fún un ní “The Trooper.” Ẹni tó gbọ́ dadakúàdà, tó jẹ́ pé ìtumọ̀ ló ń wá, tó lè fi wákàtí kan tú ọ̀rọ̀ Odòlayé Àrẹ̀mú, ẹ wá orin tó ní ọ̀rọ̀ gidi fún un kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. “Wasted Years” ti Iron Maiden, 1986, dára fún èyí. Ẹni tó rìnrìn àjò títí tí ilé fi ń pè é ni Adrian Smith, olùta gìtá wọn, kọ ọ́ nípa rẹ̀, pé kó má máa wá ọdún tó ti lọ, kó wo èyí tó wà níwájú rẹ̀. Gbogbo ìdílé ní gúúsù Kwara ló ní ẹni bẹ́ẹ̀ l'Ékòó, l'Ábújá tàbí ní Gánà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá kí wa láti Ọ̀fà ní ọdún tó kọjá. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn. Wọ́n jókòó lórí àga nílẹ̀kùn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà sínú atẹ, “Planet Caravan” sì ń lọ jẹ́jẹ́ lórí tábìlì. Mo rí i tí ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà.

“Ta ló ń lu àkúbà yẹn?”

“Òyìnbó ni, mà. Bill Ward ni wọ́n ń pè é.”

“Òyìnbó kẹ̀! Ó mà mọ̀ ọ́n rọra lù o.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Kí ni ẹni tó ń kọrin yẹn ń sọ?”

“Ó ní òun àti olólùfẹ́ òun jọ ń léfòó láàárín ìràwọ̀, mà.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. Nígbà tí orin náà tán, wọ́n ní, “Jẹ́ kó tún dún.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dún kí wọ́n tó ṣa ẹ̀wà yẹn tán, mi ò sì sọ fún wọn títí di òní pé heavy metal ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà.

Bí ẹ bá ní àlejò, ẹ gbé nǹkan sí i lẹ́nu. Wàrà díndín àti sóbò tútù ló bá ọ̀sán mi mu jùlọ. Ẹ má gbé ohun tó ń dún kẹ̀kẹ̀ lẹ́nu bíi kúlíkúlí síwájú ẹni tó ń gbọ́ “Orion”.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí ẹ ṣe máa gbọ́ ọ, àti orin tó kẹ́yìn

Ẹ má gbìyànjú láti gbọ́ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà àkọ́kọ́, béèsì nìkan ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ ka á nílẹ̀. Nígbà kejì, ẹ tẹ̀ lé ìlù. Nígbà kẹta ni kí ẹ tó wá gìtá àti ohùn. Bí a ṣe ń wo agbo dùndún náà nìyẹn: ẹni tí kò bá kọ́kọ́ dá ohùn omele mọ̀ á ní ìyáàlù ń pariwo. Bí ẹ bá rí i pé èjìká yín ti gbéra sókè láìmọ̀, ẹ dín ohùn kù díẹ̀, kí ẹ má pa orin náà. Èmi máa ń yẹ èjìká mi wò bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sán kan.

Tí Damnation bá parí, agogo á ti tó nǹkan bíi mẹ́fà àbọ̀, ojú ọ̀run lápá ìwọ̀ oòrùn á ti máa pọ́n. Ẹ fi “Laguna Sunrise” sí i, láti inú àwo Vol. 4 tí Black Sabbath ṣe ní 1972. Ìlà oòrùn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀ oòrùn ló bá mu jù létí tèmi. Gìtá àti fayolíìnì nìkan ni, ìka tí irin gé yẹn kan náà ló sì ń tẹ okùn rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bó bá tán, ẹ pa á, kí ẹ bu omi sínú kẹ́tùrù. Ládàánì á pè láìpẹ́.